Ṣé kí n fi ìwádìí lórí arúgbó àti àwọn tó ń tọ́jú wọn ṣe iṣẹ́ ayé mi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ìjerù | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń gbé mi nínú, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́rin, mo padà sílé ìwé, mo sì parí másítà nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ lóṣù tó kọjá. Àwọn ọmọ tó ń tọ́jú òbí wọn nílé, ní Ìjerù àti Òkèlérin níbí n'Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé lórí. Sùpáfáísọ̀ mi wá pè mí, wọ́n ní tí mo bá fẹ́, kí n máa bá a lọ sí PhD lórí ọ̀rọ̀ kan náà, pé àyè iṣẹ́ olùkọ́ lè ṣí ní ẹ̀ka wọn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, "Kí lo fẹ́ wádìí lára arúgbó? Arúgbó ṣá ni arúgbó." Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní ìlú òyìnbó ní kí n yáa máa bọ̀, pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ọdún márùn-ún kọ̀wé lé lórí yìí, wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá tó bí màmá mi fi wà lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ló tọ́jú wọn. Nígbà tí a ń sin ìyá àgbà, wọ́n mú gbohùngbohùn, wọ́n dárúkọ ẹni tó ra pósí, ẹni tó pa màlúù, ẹni tó gbé eléré wá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àǹtí mi. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ abọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yìí, ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀?

---

Alákọ̀wé Arówómọlé | Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Láti 2008 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìlú míì ni mo ti ń kọ́ni. Oúnjẹ wà níbẹ̀, kì í kàn tètè jinná ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn ò ní sọ fún ọ nínú kíláàsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá jáde lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà, ní 2009, ìbéèrè kìíní tó wà nínú ìwé mi ni "Ẹni ọdún mélòó ni yín?" Mo rò pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìdajì wákàtí ló gbà. Màmá náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" Ọmọ wọn ọkùnrin jáde sí wa, ó ní 95 ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ké láti inú ilé pé 88 ni.

Mo wá bi màmá pé nígbà tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? 1955 nìyẹn. Wọ́n ní èyí tó tẹ̀lé àkọ́bí àwọn wà lẹ́yìn àwọn nígbà náà, kò tíì rìn. Ìgbà tí wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọláyọ̀dé, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, ńkọ́, ní 1969? Wọ́n dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Wọ́n ní abà ni àwọn sá lọ, àti pé àkọ́bí ló gbé àbíkẹ́yìn lé èjìká. Ìgbà tí ọkọ̀ yí sápá ọ̀tún, ní 1972? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sójú títì nítorí apá ọ̀tún ló ṣì máa ń wò kó tó sọdá.

Ìgbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán, màmá ò lè ju 76 lọ. Ọmọ wọn ọkùnrin bínú sí mi! Ó ní mo gé ọjọ́ orí ìyá òun kù.

Má rò pé ọgbọ́n orí mi ni. Àwọn olùwádìí Ajayi àti Igun ti to irú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ní 1963, dókítà Ògúnníyì àti Ọ̀ṣúntókun sì tún un yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Iṣẹ́ gidi ni. Tó ò bá mọ ọjọ́ orí ẹni tó wà níwájú rẹ, gbogbo ohun tó o bá kọ tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ ni.

---

Ọmọ Tákíé | Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ẹ ti ka ọjọ́ orí wọn tán, kí ló wá kan arúgbó nínú rẹ̀? Bàbá mi ń tò sórí ìlà nítorí owó ìfẹ̀yìntì, orúnkún ń dùn wọ́n. PhD yín kò lè gbé wọn dìde lórí àga.

---

Alákọ̀wé Arówómọlé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

@Ọmọ Tákíé, ìbéèrè rẹ dáa, èmi náà ti bi ara mi rí. Ẹ kí bàbá fún mi.

Àmọ́ gbọ́ èyí. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, kí ni wọ́n máa ń sọ? Àgbà ti dé sí i. Tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, ìwọ náà mọ orúkọ tí àdúgbò máa ń sọ ọ́. Ní 1992, àwọn dókítà láti Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan papọ̀. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Bí wọ́n bá lọ, wọ́n á tún padà lọ wo àwọn ènìyàn kan náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín ọdún kan, nínú ẹgbẹ̀rún kan arúgbó ní Ìbàdàn, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn iyè rírá mú. Ti Indianapolis lé ní 32. Ìyẹn ni pé gbogbo àgbà kọ́ ló ń ṣarán, àti pé àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni bí wọ́n ṣe béèrè. Tó o bá gbé pẹ́ńsù lé ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí lọ́wọ́ pé kó ya àwòrán, á fìdí rẹmi, wàá sì ní iyè rẹ̀ ti ra. Wọ́n wá ṣe ìbéèrè tí kò béèrè ìwé kíkà, wọ́n sì tún ya ìbéèrè sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń bá a gbé: ṣé wọ́n ṣì mọ ojú owó? Ṣé wọ́n ń ṣìnà bọ̀ láti ọjà?

Ní ti ìjọba, UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ti ní ilé ìtọ́jú tó jẹ́ ti arúgbó nìkan láti 2012. Òfin ilé iṣẹ́ àwọn àgbà ti orílẹ̀-èdè jáde ní 2017. Ìlànà ìjọba lórí ọjọ́ ogbó tẹ̀lé e ní 2021. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé èyíkéyìí nínú wọn ti dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ.

---

Ọmọ Tákíé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀

Ó dáa. Ti àjẹ́ yẹn wọ̀ mí létí. Wọ́n lé ìyá kan jáde ládùúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

---

ÀgbòOrúnkún247 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ KÚ ÀÁRỌ̀! Orúnkún, ẹ̀yìn dídùn, làkúrègbé, ìgò kan péré…

Alábòójútó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:09 àárọ̀

A ò gba ìpolówó ọjà níbí. Mo ti gé ìyókù rẹ̀ kúrò.

---

Ìyá Ìbejì Ọjà Ìgbò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:47 alẹ́

Mi ò kàwé púpọ̀, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Rọpárọsẹ̀ mú màmá mi, ọdún kẹfà rèé. Apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn náà ò já geere. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Mo máa gbé omi kaná, mo máa ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, mo máa ní, "Ìyá mi, ó yá, ẹ dì mọ́ mi." Wọ́n á fi ọwọ́ òsì tó kù gbá mi lọ́rùn mú. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń gbá mi mú, bíi pé inú kànga ni àwọn fẹ́ já sí. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ ibùsùn, ìwẹ̀, ìpara sẹ́yìn kó má baà dégbò. Tí mo bá fún wọn ní àmàlà láfún, mo máa gé e kéékèèké, ọbẹ̀ ilá ni mo fi ń tì í, torí bí òkèlè bá tóbi ó lè há wọn lọ́fun. Ìṣọ̀ tí mo máa ń ṣí ní aago méje tẹ́lẹ̀, aago mọ́kànlá ni mo ń ṣí i báyìí. Àwọn oníbàárà mi ti yà sọ́dọ̀ ẹni tó kángun sí mi. Mi ò bá wọn jà.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọmọ iléèwé gíga méjì wá sílé wa. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀ kí màmá. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ kọ̀, torí ìtẹ̀ka ni wọ́n fi gba ilẹ̀ bàbá wa lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ń ka ìbéèrè, èkejì ń fàmì sí i. Ó dórí èyí tó ní, "Ṣé ẹ̀ ń rí ìtọ́jú màmá yín bí ẹrù tó wúwo?"

Màmá mi ń gbọ́ o! Orí ibùsùn níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ ni wọn ò lè sọ, etí wọn ṣì dá ṣáṣá. Wọ́n yíjú sí mi. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n sọ? Mo ní rárá, kì í ṣe ẹrù, ìyá mi ni. Ọmọ náà kọ òdo. Gbogbo ìbéèrè tó tẹ̀lé e, òdo, òdo, títí ó fi parí.

Ọdún mẹ́ta rèé, wọn ò padà wá sọ fún wa pé báyìí-báyìí la rí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí ìṣòro kankan ní Ọjà Ìgbò.

---

Nọ́ọ̀sì Másífà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:15 alẹ́

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ìbejì náà ṣe é fún yín.

Àdùkẹ́, o rí ohun tí ìyá yìí sọ yẹn, ká á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìwé ìbéèrè náà, tàbí ọmọ ìyá rẹ̀. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Zarit ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980, láti fi wọn ìnira ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Èyí tí gbogbo ayé ń lò jù ní ìbéèrè 22, èsì kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 4, tó o bá rò ó pọ̀ ó máa ń parí sí 88. Ìwé tó dáa ni níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dúró lé lórí. Pè é ní ẹrù, pè é ní ìnira, pè é ní wàhálà: ọmọ Yorùbá wo ló máa la ẹnu rẹ̀ pé ìyá òun jẹ́ wàhálà fún òun? Ìwọ náà mọ òwe òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé gbèsè ló ń san. Ta ní í pe gbèsè tó jẹ ní ìyà?

Nígbà tí mo wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti ń fún wa ní òdo ni pé a kọ́kọ́ mú olùtọ́jú kúrò nínú yàrá. Ìdí ìkòkò, ìdí kànga, ibikíbi. Lẹ́yìn náà a yé béèrè bó ṣe rí lára wọn. A béèrè ohun tí ojú rí. Ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú gbẹ̀yìn? Òde wo lẹ lọ gbẹ̀yìn, ta ló dúró ti màmá? Kí ni ohun tí ẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ti pa tì? Ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn. Ẹni tó ní "rárá, kò nira" á wá sọ fún ọ pé òun ò tíì sùn mọ́jú láti ọdún Iléyá mẹ́ta sẹ́yìn.

Màmá Ìbejì, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbẹ̀yìn? Àwọn olùtọ́jú tí mo rí, màmá ń lo oògùn lásìkò, ọmọ ò rántí tirẹ̀. Àti oògùn ìrora tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì fún ẹ̀yìn yín, ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ. Ó ń ti ìfúnpá sókè, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

---

Ìyá Ìbejì Ọjà Ìgbò | Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Ta ló sọ fún yín pé mò ń lo oògùn ìrora?

---

Nọ́ọ̀sì Másífà | Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kàn lọ wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ yìí.

---

Àkàndé Leeds | Ọjọ́rú, 1:33 ọ̀sán

Ọmọ Òkè Adó ni mí. Àdùkẹ́, tó bá jẹ́ ti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ, sọ fún un pé ayé ti yí. Láti 22 oṣù keje 2025 ni ìjọba UK níbí ti ní àwọn ilé ìtọ́jú ò gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun láti òkèèrè fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́. Kí o má lọ ta ilẹ̀ fún ajẹ́ńtì kankan. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀ o, ṣùgbọ́n ìdánwò àti ìwé àṣẹ wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kun un. Ó jọ pé àwa tá a ń fowó ránṣẹ́ ni wọ́n ń bú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó níbí. Ìyá onítọ̀hún ni mò ń yí lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì, ìyá tèmi wà ní Òkè Adó, àbúrò mi obìnrin ló ń yí wọn. Owó tí mo bá rí ni mo fi ń ra páńpà àti oògùn. Ẹ̀yin olùwádìí, ṣé èyí kì í ṣe ìtọ́jú ni?

---

Ìyá Ìbejì Ọjà Ìgbò | Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Àkàndé ọmọ mi, ìtọ́jú ni. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ìbéèrè kan ni mo ní: tó o bá pe fóònù, ta lo kọ́kọ́ máa ń béèrè, màmá ni àbí àbúrò rẹ?

---

Àkàndé Leeds | Ọjọ́bọ̀, 12:51 òru

Màmá ni.

Mo ti gbọ́ yín mà.

---

Alákọ̀wé Arówómọlé | Ọjọ́bọ̀, 7:15 àárọ̀

Ìbéèrè Ìyá Ìbejì yìí, tí wọ́n bá fún mi ní ọdún mẹ́wàá sí i, bóyá màá lè ronú irú rẹ̀.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ owó tí o béèrè. Pẹ̀lú másítà, Assistant Lecturer ni wọ́n máa fi ọ́ sí. Láìsí PhD, wàá pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di iye ìwé tó o tẹ̀ jáde, àwọn ìwé àtìgbàdégbà (jọ́nà) míì á sì ní kó o san owó tó ju owó oṣù rẹ lọ kí wọ́n tó gbé e. Má dá wọn lóhùn, àwọn tó dáa tí kì í gba kọ́bọ̀ wà. TETFund, àpò owó ìjọba fún ilé ìwé gíga, máa ń gbówó ìwádìí gba ọwọ́ yunifásítì, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó sanwó ọkọ̀ àti owó àwọn tó ń bá ọ béèrè ọ̀rọ̀. CARTA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà kan, wà fún PhD nínú ìlera ará ìlú. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ àwọn yunifásítì tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì ń mú. Béèrè ohun tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ sùpáfáísọ̀ rẹ kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Tó o bá rọ́jú débi pírọ́fẹ́sọ̀, 70 lo máa fẹ̀yìn tì, ìwọ fúnra rẹ á ti di ẹni tí wọ́n ń wádìí lórí rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi dè ọ́ lọ́rùn: kọ ọ́ sínú prọ́pósà rẹ, pẹ̀lú iye owó tó máa ná ọ, pé wàá padà lọ sọ èsì fún àwọn tó o bi léèrè. Tí kò bá sí nínú ìṣirò owó, o ò ní lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé mélòó kan wà ní Òkèlérin tí èmi náà kò padà sí.

---

Àdùkẹ́ Ìjerù | Ọjọ́ Àìkú, 8:03 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi lónìí lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tí mò ń ṣe másítà, mo ti bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè inú ìwé rí, òdo ni àwọn náà fún mi, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ síbí. Lónìí mo bá wọn ṣa ẹ̀fọ́, mo ní, "Àǹtí mi, nígbà tí ẹ̀ ń tọ́jú ìyá àgbà, kí lẹ pa tì?"

Wọn ò fèsì. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n bọ́ sínú yàrá. Wọ́n fa ẹ̀rọ ìránṣọ kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Mi ò mọ̀ rí pé àǹtí mi kọ́ṣẹ́ aṣọ. Bùbá ọmọdé kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n ti rán apá kan, apá kejì wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú òwú. Ti ọmọ aládùúgbò kan ni, fún ọdún Kérésì, ọ̀sẹ̀ tí ìyá àgbà ṣubú ní balùwẹ̀. Ọmọ náà ti lọ́kọ báyìí.

Wọ́n ní, "Ibo lo máa kọ èyí sí nínú ìwé rẹ?" Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Lọ́la ni màá lọ gba fọ́ọ̀mù.

---

Ọmọ Tákíé | Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Bàbá mi ní tó o bá ti gbà á, kó o wá béèrè tiwọn. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o wá o, wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án. Má sì gé ọjọ́ orí wọn kù.